Èyí Tí O Kò Bá Mọ̀, Fi Í Sílẹ̀

4 oṣù Kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò ọmọ. Ṣé orúnkún yín ti gbọ́ràn? Èmi wà láàyè lókè òkun níhìn-ín, mo sì ń ṣiṣẹ́, ẹ bá mi dúpẹ́. Léraléra ni mo pè yín lóṣù tó kọjá, fóònù ń dún, ẹ ò gbé e. Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lórí èyí.

Ohun tó wà nínú àpòòwé yìí kì í ṣe owó, ẹ má wulẹ̀ gbọ̀n ọ́n. Ìdánwò ni. Ẹ rántí pé lọ́dún tó kọjá, mo ṣe ìdánwò tí wọ́n fi ń gba èèyàn wọlé fún oyè kejì. Ìṣirò, mo yege. Apá ọ̀rọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ní kéèyàn ka àyọkà kó sì mú ọ̀rọ̀ tó bá àlàfo mu, mo fìdí rẹmi. Ọgbọ̀n ni ilé-ẹ̀kọ́ ń bèèrè nínú ogójì, mẹ́rìnlélógún ni mo gbà. Èmi, ọmọ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì! Ojú tì mí débi pé n kò lè kọ̀wé sí yín fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n ṣì bá mi di àyè mi mú. Ṣùgbọ́n ọdún yìí ni òpin rẹ̀. Tí n kò bá gba ọgbọ̀n kí oṣù Kọkànlá tó wọlé, wọ́n á fi àyè náà fún ẹlòmíì, èmi á sì di ará ilé ìfọṣọ hòtẹ́ẹ̀lì títí ayé.

Ohun tó wá ń dà mí láàmú rèé. Oríṣi ìdánrawò mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi. Ọ̀kan, àwọn tó ni ìdánwò gan-an ló ṣe é. Ìkejì wà nínú ìwé kan tó sanra bí ìrọ̀rí. Ìkẹta, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Nínú ti àkọ́kọ́, mẹ́rìnlélógún náà ni mo tún gbà. Nínú ti ìwé sísanra, ogún. Nínú ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Èwo ni kí n gbà gbọ́? Mo ti tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé fún yín. Ẹ bá mi ṣe wọ́n, kẹ́ ẹ wo èyí tó ń parọ́ fún mi. N kò ní ẹlòmíì tí mo lè bi.

Èmi ni,
Ìyá Ìwé yín


30 oṣù Kẹta

Ìyá Ìwé mi,

Mo kí ọ títí, mo kí ọ tán, mo tún bẹ̀rẹ̀. Télọ̀ tó háyà yàrá iwájú ló bá mi gba ìwé rẹ. Bí ó ṣe nípọn tó, ó ní òun rò pé wọ́n pè mí lẹ́jọ́ ni.

Mo ṣe é bó ṣe yẹ ká ṣe é. Mo palẹ̀ tábìlì mọ́, mo gbé aago síwájú, mo kọ orúkọ mi sókè, mo sì sọ fún ara mi pé, "O lè bẹ̀rẹ̀." Nígbà tí àkókò pé, mo ní, "Pẹ́nsù sílẹ̀!" Àfi bí télọ̀ ṣe sáré wọlé pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó rò pé mo ká olè mọ́lé.

Mo ti sọ wọ́n lórúkọ. Ti àwọn tó ni ìdánwò ń jẹ́ Onílé. Ìwé sísanra ń jẹ́ Alágídí. Ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ Ẹlẹ́nu-Dídùn. Onílé ń bèèrè ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀, ó sì fi ẹ̀rí ìdáhùn sínú àyọkà fún ẹni tó bá fara balẹ̀. Alágídí ní tirẹ̀, ṣe ló lọ hú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti sin jáde, ó ní ká wá bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ ọmọ, n kò bá ìdajì wọn pàdé rí. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí ìdáhùn rẹ̀ kò tiẹ̀ tọ́. Mo kọ ọ́ sí etí ìwé náà pé, "Ẹ tún un wò," mo sì buwọ́ lù ú.

Onílé fún mi ní mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Alágídí fún mi ní mọ́kànlélógún. Ó yà mí lẹ́nu pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n náà ni Ẹlẹ́nu-Dídùn fún mi. Kí ló wá dé tó fún ìwọ ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n? Ó dà bíi pé ìwọ nìkan ló ń pọ́n lé. Má gbà á gbọ́ o. Onílé ni kó o máa bá ṣe.

Má sì gbàgbé òfin wa: èyí tí o kò bá mọ̀, fi í sílẹ̀. Láyé tiwa, ẹni tó bá méfò, tó sì ṣì í, wọ́n á tún yọ nínú èyí tó ti gbà. Mo fi mẹ́wàá sílẹ̀ nínú ti Onílé, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ta ni ò ń bá jẹun níbẹ̀? O ò sọ fún mi rí.

Èmi bàbá rẹ


9 oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, ẹ kú ìnáwó pẹ́nsù. Mo rẹ́rìn-ín Alágídí níbi iṣẹ́ títí ọ̀gá fi yíjú wò mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ ń pariwo débi pé gbogbo wa la máa ń di nǹkan sétí, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. A kàn ń fọwọ́ júwe ni.

Èèyàn méjì ló yẹ kó máa ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì hòtẹ́ẹ̀lì. Ìwọ di etí méjì mú, ẹnìkejì di etí méjì mú, ẹ ó pàdé láàárín. Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé ẹnìkejì mi lọ sí kíṣìnnì. Ọ̀gá wá kan ìkọ́ méjì mọ́ ògiri, ó ní kí n máa fi etí aṣọ kọ́ ọ, kí n fẹ̀yìn rìn, kí n sì máa ká a bọ̀. Ìkọ́ ni ẹnìkejì mi báyìí. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í sì í ṣe òfófó.

Ẹ wo ohun tí mo rò. Mo fi àwọn Onílé mìíràn ránṣẹ́, wọ́n wà nínú àpòòwé yìí, mo sì fi ọjọ́ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti di Sátidé, tí aago mẹ́wàá bá lù lọ́dọ̀ yín, ẹ jókòó, èmi náà á jókòó níhìn-ín. Ìwé kan náà, àkókò kan náà. Á dà bí ìgbà tẹ́ ẹ máa ń jókòó sí òdìkejì tábìlì, tẹ́ ẹ̀ ń máàkì ìwé, témi ń ṣe iṣẹ́ àmúrelé.

Ẹ ò sì tíì sọ ìdí tẹ́ ò fi ń gbé fóònù. Mo bi yín, ẹ fò ó bí ẹni fo omi ẹrẹ̀. Ohùn yín ń wù mí gbọ́, Bàbá.

Ìyá Ìwé yín


14 oṣù Kẹfà

Ìyá Ìwé, akọ̀wé kọ̀wúrà,

Ìwé pélébé tó o fi kọ máàkì rẹ ti dé. O gba mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, mo gba mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mo fi méjì jù ọ́ lọ. Máa kọrin ọ̀tẹ̀ sí mi níbẹ̀, kò kàn mí. Ìwọ wo àyọkà tó sọ̀rọ̀ oyin yẹn. Ó ní òǹkọ̀wé náà "kò fara mọ́ ọn tán," ìwọ lọ mú èyí tó ní ó bínú. Ta ló bínú? Ìwọ ni inú ń bí.

Mo ti sọ Sátidé di nǹkan ńlá o. Mo máa ń wẹ̀, mo máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn tí mo fi ń lọ ṣọ́ ìdánwò nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mo máa ń ní kí télọ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dúró kí ariwo má bàa dí wa lọ́wọ́. Ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, kò sí ọjọ́ kan tó yàtọ̀ sí èkejì nínú ilé yìí. Ní báyìí, Sátidé ti yàtọ̀. Fi òmíràn ránṣẹ́ kíákíá.

Ọ̀rọ̀ fóònù, ẹ̀rọ yẹn ò níyì. Ohun téèyàn bá sọ nínú rẹ̀ ti fò lọ kó tó parí. Lẹ́tà, mo lè tún un kà.

Ìwọ náà fo ìbéèrè tèmi. Ta ni ò ń bá jẹun?

Bàbá rẹ


20 oṣù Keje

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kẹ́ ẹ tó ka èyí. Mo rí i! Mo mọ ìdí tí Ẹlẹ́nu-Dídùn fi ń fún mi ní máàkì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé òun àti Onílé síra wọn. Tẹ́lẹ̀, èyí tí mo ṣì nìkan ni mo máa ń wò. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo èyí tí mo fi sílẹ̀. Lórí ìwé Onílé, mo fi mẹ́sàn-án sílẹ̀. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, n kò fi ìkankan sílẹ̀, nítorí pé kò gbà fún mi! Téèyàn ò bá tíì tẹ ìdáhùn kan, ìbéèrè tó kàn ò ní jáde. Mo sábà máa ń fi ìbínú tẹ ọ̀kan kí n lè kọjá. Bàbá, èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí mo fi ìbínú tẹ̀ ló tọ̀nà. Kò pọ́n mi lé rárá. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe é lórí ìwé, tẹ́ ẹ fi àlàfo sílẹ̀, kò fi fún yín ju ohun tí Onílé fún yín lọ.

Mo wá ka ojú ewé àkọ́kọ́ ti Onílé, èyí tá a máa ń ṣí kọjá torí a rò pé a ti mọ ohun tó wà níbẹ̀. Wọn kì í yọ nǹkankan! Èyí téèyàn fi sílẹ̀ àti èyí téèyàn ṣì, bákan náà ló rí lójú wọn.

Lọ́dún tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn ìdánwò yẹn, mo fi mẹ́sàn-án sílẹ̀. Mo rántí bó ṣe ṣe mí. Inú mi dùn. Mo ní, "Bàbá mi ò ní tijú mi." Ní gbogbo ìlú yìí, òfin yín yẹn nìkan ni mo ní tó jẹ́ ti ilé wa, mo sì dì í mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo máa ń mú ìwé, mo máa ń fẹ́ dáhùn, ọwọ́ mi á kọ̀. Tẹ́ ẹ bá sọ pé ó dáa, á rọ̀ mí lọ́rùn.

Ìyá Ìwé yín


12 oṣù Kẹjọ

Ìyá Ìwé,

N kò ní kí ọ gùn lónìí, inú ń bí mi.

Ṣé ìdánwò ti wá di tẹ́tẹ́ ni? Ẹni tí kò mọ nǹkan, tó kàn na ọwọ́ mú ọ̀kan nínú márùn-ún bí ẹni ń mú ẹran nínú àwo, ṣé ìmọ̀ nìyẹn? Gbogbo ayé mi ni mo fi dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ, tí mò ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ olóòótọ́ lórí ìwé. Ìwọ gan-an, nígbà tó o wà ní kékeré, o fi ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo nínú ìdánwò, o gbé ìwé náà wá bá mi, o ní, "Bàbá, mi ò mọ àwọn wọ̀nyí, mi ò sì parọ́." Mo gbé ọ kọ́rùn, mo gbé ọ yí ilé po. O ti gbàgbé.

Ṣé èmi ni mo wá jẹ́ kó o fìdí rẹmi nìyẹn? Sọ ọ́ jáde, má wulẹ̀ fi ẹ̀bẹ̀ bò ó.

Ìwé ti Sátidé tó ń bọ̀ ni mo dá padà fún ọ yìí. N kò ṣí i. Máa ṣe tìrẹ níbẹ̀, kí n máa ṣe tèmi níhìn-ín.

Bàbá rẹ


16 oṣù Kẹsàn-án

Ọmọ mi,

O ò fèsì. Mo ní kò burú, inú ń bí i, á rọlẹ̀. Ní báyìí, ẹ̀rù ti ń bà mí. Ṣé ara rẹ le?

Ní Sátidé, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì mi, mo jókòó sídìí tábìlì, ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé n kò ní ìwé, torí ọwọ́ ara mi ni mo fi dá a padà. Télọ̀ yọjú, ó ní, "Bàbá, ṣé kí n dá ẹ̀rọ dúró?" Mo ní kó máa rán aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tó ṣe, mo ní kó kúkú dá a dúró.

Mo wá fa Onílé àkọ́kọ́ yọ, mo lọ bá àwọn mẹ́wàá tí mo fi sílẹ̀. Mo wo èkíní. Ìdáhùn márùn-ún ló wà níbẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn, mo mọ̀ dájú pé kì í ṣe àwọn. Méjì ló kù tí mo ń ṣiyèméjì lé lórí, òun ni mo fi fi í sílẹ̀. Mo wá bi ara mi pé, ẹni tó lé mẹ́ta dànù nínú márùn-ún, ṣé aláìmọ̀ la ó pè é? Mo mú ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Mẹ́fà tọ̀nà. Ọmọ mi, mo jókòó síbẹ̀ títí tíì mi fi tutù.

Gbàgbé ìwé tí mo kọ sí ọ. Kì í ṣe tẹ́tẹ́. Ohun téèyàn mọ̀ dé ìdajì ni, ó sì yẹ kó gba máàkì rẹ̀. Lọ forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ ń lọ. Má fi ìkankan sílẹ̀ nítorí tèmi. Kọ̀wé sí mi, ìbáà ṣe èébú lo máa bù mí.

Bàbá rẹ tó ń wo ọ̀nà


8 oṣù Kẹwàá

Ọmọ mi,

Kò sí lẹ́tà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, bí mo ṣe jókòó, télọ̀ sáré wọlé, ó ń nawọ́ sí ẹ̀yìn mi. Ó ní fóònù mi ti ń dún ó ti pẹ́, òun ń gbọ́ ọ láti ìta. Kó tó gbé e, ó ti dákẹ́. Orí fìríìjì ni fóònù náà wà, mo lè na ọwọ́ kàn án láti orí àga mi. Ìwọ ni, àbí?

O ti bi mí ní ìbéèrè kan láti oṣù Kẹta, mo sì ń fi í sílẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ rèé. Etí mi ti lọ. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ láti èṣí, ní báyìí ó kù díẹ̀ kó tán. Ẹni tó bá dúró níwájú mi, tó sì ké, mo lè gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tó ń sọ. Fóònù, n kò gbọ́ nǹkankan. Ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ń ní kí télọ̀ dá dúró, n kò gbọ́ òun náà. Mò ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má bàa fura sí mi ni. N kò fẹ́ kó o mọ̀, kó o má bàa sọ ìwé nù kó o máa bọ̀ wá tọ́jú mi.

Mo ti dáhùn tèmi. Ó ku tìrẹ.

Bàbá rẹ


27 oṣù Kẹwàá

Bàbá mi, ẹnìkejì mi lórí ìwé,

Ẹ foríjì mí. Mo jẹ́ kẹ́ ẹ dá nìkan máa retí. Lẹ́tà yín méjèèjì wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ti oṣù Kẹsàn-án dé lẹ́yìn ìdánwò, ti etí yín dé lánàá.

Inú bí mi lóòótọ́. Èyí tẹ́ ẹ dá padà yẹn, mo gbá a mọ́ra mo sunkún, lẹ́yìn náà mo fi ìbínú lọ forúkọ sílẹ̀. Ní Sátidé tí fóònù ń dún yẹn ni mo ṣe é. Wọ́n fi pátákó dí ọ̀tún àti òsì olúkúlùkù, èèyàn ò lè rí ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè kan dé, ọ̀rọ̀ méjì kù tí n kò lè yà sọ́tọ̀. Mò ń gbọ́ ohùn yín kedere pé, "Fi í sílẹ̀." Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú," mo mú ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé òpin, gbogbo èyí tí kò dá mi lójú ni mo fi ń bẹ̀ yín. Obìnrin tó ń ṣọ́ wa wá bi mí pé ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbé máàkì jáde lójú kọ̀ǹpútà lójú ẹsẹ̀. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo wọlé, Bàbá! Mo yíjú sọ́tùn-ún, pátákó ni. Mo yíjú sósì, pátákó ni. Mo jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo pè yín. Ó dún títí ó fi gé. Mo tún pè. Mo mọ ibi tí fóònù yín máa ń wà, mo sì ń fojú inú rí yín tẹ́ ẹ jókòó tì í, mo rò pé ṣe lẹ kọ̀ láti gbé e. Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ìkọ́ ara ògiri ni mo sọ fún pé mo yege.

Ilé-ẹ̀kọ́ ti kọ̀wé pé kí n wá lọ́dún tó ń bọ̀. N kò ní sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé, mo ń bọ̀ wá ké sí yín létí fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bá mi jiyàn.

Ìbéèrè yín ló kù. Ta ni mò ń bá jẹun? Kò sí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, kò sí ẹnì kankan. Orí ìdúró ni mo ti máa ń jẹun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ síńkì, torí tí mo bá jókòó sídìí tábìlì, àga kejì ni mo máa ń kọjú sí. Mo mọ ìdáhùn yẹn láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ bi mí. Mo kàn fi í sílẹ̀ ni.

Ìdánwò ti parí, n kò nílò ìdánrawò mọ́. Síbẹ̀, ẹ ó rí Onílé kan nínú àpòòwé yìí. Èyí tẹ́ ẹ dá padà gan-an ni, tèmi náà wà lọ́wọ́ mi, kò sẹ́ni tó tíì ṣí i nínú àwa méjèèjì. Ó di Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá, aago mẹ́wàá yín. Ẹ ní kí télọ̀ dá ẹ̀rọ dúró. Ẹ gbé oúnjẹ yín sórí tábìlì, ká kọ́kọ́ jẹun ká tó bẹ̀rẹ̀. Èmi náà á jókòó.

Ọmọ yín,
Ìyá Ìwé